Rochester, ìpínlẹ̀ New York: Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí iye ènìyàn àti owó tó ń wọlé fún wọn

Rochester tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín ni èyí tó wà ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ New York, ní etí adágún Ontario. Kì í ṣe ti Minnesota tí ilé ìwòsàn Mayo wà, kì í sì í ṣe ti Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Inú ìkànìyàn tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń ṣe ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá àti ìwádìí tí Àjọ Ìkànìyàn ń ṣe lọ́dọọdún ni púpọ̀ nínú àwọn iye tí a lò ti wá.

Ènìyàn mélòó ló ń gbé Rochester?

Ìkànìyàn ọdún 2020 ka 211,328. Ti ọdún 2010 jẹ́ 210,565, èyí tó túmọ̀ sí pé ènìyàn 763 péré ló kún un láàárín ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó bá wo 763 lójú lásán lè sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1950, nígbà tí ìlú náà ní 332,488, kò tíì sí ìkànìyàn kan tí iye rẹ̀ kò dínkù níbẹ̀ títí di 2020. Bí a bá fi 2020 wé 1950, ìlú náà ti pàdánù ènìyàn tó lé ní 121,000, ó sì ju ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo wọn lọ.

Báwo ló ṣe di ìlú ńlá ná?

Omi ló sọ ọ́ di ńlá. Odò Genesee já sílẹ̀ láti orí àpáta láàárín ìlú, agbára omi yẹn ni wọ́n sì fi ń yí ọlọ tí ń lọ àlìkámà. Ìkànìyàn 1820 rí ènìyàn 1,502 níbẹ̀. Ní 1825 ni wọ́n parí Erie Canal, ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́ láti odò Hudson dé adágún Erie, tó sì gba inú ìlú náà kọjá. Ìyẹ̀fun tí wọ́n lọ̀ ní Rochester wá ń fi ọkọ̀ ojú omi dé ìlú New York ní owó pọ́ọ́kú. Nígbà tí yóò fi di 1830, ènìyàn ti di 9,207, ó sì di 36,403 ní 1850.

Nígbà tí iṣẹ́ ọlọ ṣí lọ sí ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, àwọn tó ń rán aṣọ, àwọn tó ń ṣe bàtà àti àwọn tó ń gé dígí awò ló gba ipò. Ọdún 1853 ni Bausch & Lomb bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dígí ojú. Lẹ́yìn náà ni George Eastman dé pẹ̀lú Kodak, ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe fíìmù àti kámẹ́rà. Ìlú tó ní ènìyàn 133,896 ní 1890 ti ní 328,132 ní 1930.

Ṣé ìṣubú Kodak ló lé àwọn ènìyàn jáde?

Ohun tí gbogbo ènìyàn gbà gbọ́ nìyẹn, mo sì mọ ìdí rẹ̀, nítorí ìtàn Kodak rọrùn láti sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Ọdún 1982 ni àwọn òṣìṣẹ́ Kodak pọ̀ jù lọ ní agbègbè Rochester, wọ́n lé ní 60,000. Ní ọdún méjì ṣáájú rẹ̀, ìyẹn 1980, ìkànìyàn ti ka 241,741 nínú ìlú. Ènìyàn tó lé ní 90,000 ti lọ kí Kodak tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá òṣìṣẹ́ dúró rẹpẹtẹ. Láti 1980 títí di 2020, ìgbà tí ilé iṣẹ́ náà fi ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, nǹkan bí 30,000 péré ló tún dínkù.

Níbo wá ni 90,000 àkọ́kọ́ yẹn lọ? Wọn kò lọ jìnnà. Rochester jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tó wà ní káúńtì Monroe, ẹ lè fi káúńtì wé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní 1950, káúńtì náà lápapọ̀ ní ènìyàn 487,632. Bí a bá yọ ti Rochester kúrò, àwọn tó ń gbé àwọn ìlú tó yí i ká jẹ́ nǹkan bí 155,000. Ní 1980, káúńtì lápapọ̀ di 702,238, àwọn tó wà lẹ́yìn odi Rochester sì di nǹkan bí 460,000. Iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta ní ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n kó lọ sí àwọn ìlú tó yí Rochester ká: Greece (kì í ṣe orílẹ̀-èdè Gíríìsì), Irondequoit, Brighton, Pittsford, Webster àti Henrietta, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń wakọ̀ padà wá síbi iṣẹ́ kan náà láràárọ̀. Greece nìkan, tó kángun sí ilé iṣẹ́ ńlá Kodak, súnmọ́ ènìyàn 97,000 ní 2020.

Nǹkan púpọ̀ ló ràn wọ́n lọ́wọ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba àpapọ̀ ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún owó tí ènìyàn yá láti fi ra ilé tuntun, ilé tuntun sì wà níbi tí ilẹ̀ gbalasa wà. Òpópónà ńláńlá dé. Nínú ìlú fúnra rẹ̀, wọ́n wó ilé àti ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó la Inner Loop, òpópónà kòtò kan tó yí àárín ìlú ká bí ìgbànú, tí wọ́n sì parí ní àwọn ọdún 1960.

Kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ni wọ́n gbà láyè láti lọ. Ní àwọn ọdún 1930, àjọ ìjọba àpapọ̀ kan ya máàpù àwọn ìlú, Rochester wà nínú wọn, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kun àwọn àdúgbò tí wọ́n ní ó léwu láti yá ènìyàn lówó. Nínú àwọn ìwé ilẹ̀ kan ní káúńtì Monroe, wọ́n kọ ọ́ ní dúdú lórí funfun pé wọn kò gbọ́dọ̀ ta ilé náà fún ènìyàn dúdú, tàbí kí ó gbé inú rẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Amẹ́ríkà sọ ní 1948 pé ilé ẹjọ́ kankan kò gbọdọ̀ fi agbára òfin ti irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó di 1968 kí òfin àpapọ̀ tó ka ìyàsọ́tọ̀ nínú ilé títà àti ilé yíyá léèwọ̀. Nígbà yẹn, ìṣíkúrò náà ti ṣẹlẹ̀ tán ní ìlàjì.

Kí ló dé tí ìlú náà kò kàn fa ààlà rẹ̀ gùn kó lè ka àwọn tó ṣí lọ mọ́ ara rẹ̀?

Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ní 1916 ló gba abúlé Charlotte tó wà ní etí adágún mọ́ra. Ṣùgbọ́n òfin ìpínlẹ̀ New York kò jẹ́ kí ìlú kan gba ilẹ̀ aládùúgbò rẹ̀ àfi bí àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ náà bá dìbò pé àwọn fẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ìlú kò ní dìbò pé kí ìlú tẹ̀ lé òun wá. Ìdí nìyí tí Rochester fi wà nínú ilẹ̀ tí kò ju nǹkan bí máìlì 36 níbùú lóòró, nígbà tí ìlú bíi Houston ní Texas gba ilẹ̀ àwọn tó yí i ká mọ́ra ní ọ̀pọ̀ ìgbà tó sì ń pọ̀ sí i nínú ìkànìyàn.

Ẹ má ṣe fojú kéré ọ̀rọ̀ ààlà yìí. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní RIT, tí orúkọ Rochester wà lára rẹ̀, kúrò láàárín ìlú lọ sí Henrietta ní 1968. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé inú ọgbà rẹ̀, Henrietta ni wọ́n ń kà á mọ́. Nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé "Rochester ń dàgbà" tí ẹlòmíràn sì ní "Rochester ń kú", ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ìlú ni wọ́n ń wí tàbí káúńtì. Káúńtì Monroe ní 759,443 ní 2020, iye tó ga jù lọ tó tíì ní rí nínú ìkànìyàn.

Ta ló wọlé bí àwọn kan ṣe ń jáde?

Àwọn ènìyàn dúdú láti gúúsù Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti Florida, tí wọ́n kọ́kọ́ wá já èso lóko ní àkókò ìkórè, tí wọ́n sì dúró. Ní 1950, ènìyàn dúdú ìlú náà kò tó 8,000. Ní 1960, wọ́n ti lé ní 23,000. Àdúgbò méjì péré ni wọ́n ti rí ilé gbà, èyí tí wọ́n ń pè ní Seventh Ward àti èyí tí wọ́n ń pè ní Third Ward, ilé ibẹ̀ ti gbó, owó rẹ̀ sì wọ́n. Iṣẹ́ pọ̀ ní Rochester nígbà náà ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kò fi bẹ́ẹ̀ gbà wọ́n. Ní oṣù keje ọdún 1964, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, tí wọ́n fi kó àwọn ọmọ ogun ìpínlẹ̀ wọ ìlú.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ìjọ àti àwọn ará àdúgbò dá ẹgbẹ́ FIGHT sílẹ̀ ní 1965, pẹ̀lú Pásítọ̀ Franklin Florence gẹ́gẹ́ bí olórí, wọ́n sì ké sí Saul Alinsky láti Chicago kó wá kọ́ wọn bí a ṣe ń kó ènìyàn jọ. Wọ́n ní kí Kodak gba ènìyàn 600 síṣẹ́ kó sì kọ́ wọn níṣẹ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 1966, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà fọwọ́ sí ìwé àdéhùn; láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn tó jù ú lọ ní àwọn kò mọ̀ ọ́n. Ẹgbẹ́ náà ra ìpín ìdókòwò Kodak, wọ́n sì gbé ẹjọ́ wọn lọ sí ìpàdé àwọn onípìn-ín ní Flemington, New Jersey, ní 1967. Mo sọ ìtàn yìí gùn díẹ̀ nítorí pé lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ owó tó wà nínú ìlú náà lónìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀: ìdílé tí wọn kò gbà wọlé nígbà tí owó iṣẹ́ dára kò ní ilé tàbí owó àjẹmọ́nú tí wọn yóò fi sílẹ̀ fún ọmọ.

Àwọn ará Puerto Rico náà ti ń dé láti ìgbà yẹn, wọ́n sì tún pọ̀ sí i lẹ́yìn ìjì Maria ti 2017. Àwọn tó ní orírun Látìnì jẹ́ nǹkan bí ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2000, wọ́n sì lé ní ìdá 16 ní 2010. Àwọn ogúnléndé láti Bhutan, Burma àti Somalia tún wà níbẹ̀. Láìsí àwọn tó wọlé wọ̀nyí, 2020 ìbá tún jẹ́ ọdún ìdínkù mìíràn.

Báwo ni owó Kodak ṣe rí gan-an nígbà tó dára?

Láti 1912 ni Eastman ti ń fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìpín nínú èrè ilé iṣẹ́, lórí owó oṣù wọn. Oṣù kẹta ọdọọdún ni wọ́n máa ń san án. Bí oṣù náà bá ti ń súnmọ́lé, àwọn tó ń ta mọ́tò àti àwọn tó ń ta àga àti fíríìjì ní gbogbo agbègbè yóò ti máa polówó, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ owó ti dé. Ẹni tó jáde ilé ìwé gíráámà lè wọ iṣẹ́ fíìmù, kó ra ilé, kó sì fẹ̀yìn tì lórí iṣẹ́ yẹn.

Ní 1975, Steve Sasson tó jẹ́ ẹnjiníà ní Kodak ṣe kámẹ́rà díjítà àkọ́kọ́, irú èyí tí kò lo fíìmù, àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò sì kánjú sí i nítorí fíìmù ni orísun owó wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2012, ilé iṣẹ́ náà lọ sílé ẹjọ́ láti sọ pé gbèsè ti bo òun mọ́lẹ̀. Ó jáde kúrò nínú rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013, ó sì ti kéré jọjọ. Xerox, tí ẹ̀rọ ẹ̀dà ìwé rẹ̀ gbajúmọ̀ káyé, ti gbé olú iléeṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Connecticut láti 1969, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi òṣìṣẹ́ púpọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn.

Lónìí, Yunifásítì Rochester pẹ̀lú ilé ìwòsàn rẹ̀ ló ń gba òṣìṣẹ́ jù lọ. Ètò ìlera Rochester Regional àti ilé ìtajà oúnjẹ Wegmans wà lára àwọn tó tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ wà nígbà náà, ó wà nísinsìnyí. Ohun tó yí padà ni pé dókítà àti ọ̀jọ̀gbọ́n wà lókè, ẹni tó ń nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn àti ẹni tó ń to ọjà sórí àtẹ wà nísàlẹ̀, iṣẹ́ tó wà láàárín méjèèjì kò sì pọ̀ bíi ti ìgbà fíìmù.

Eélòó ló ń wọlé fún ìdílé kan lọ́dún?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń kà. Ìdílé nínú ìṣirò yìí ni gbogbo àwọn tó ń gbé inú ilé tàbí fúláàtì kan, ìbáà jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Owó agbedeméjì ni ti ìdílé tó bọ́ sí àárín gan-an bí a bá to gbogbo wọn láti orí ẹni tí tirẹ̀ kéré jù dé orí ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù. Bí ìdílé márùn-ún bá ń gba 12,000, 20,000, 40,000, 60,000 àti 900,000 dọ́là, 40,000 ni agbedeméjì wọn. Bí a bá ro ó pọ̀ tí a sì pín in sí márùn-ún, a ó rí 206,400, iye tí kò jọ ti ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ìkànìyàn 2000, tó béèrè owó ọdún 1999, rí i pé agbedeméjì Rochester jẹ́ 27,123 dọ́là, ti káúńtì Monroe sì jẹ́ 44,891. Nínú ìwádìí tó kárí 2018 sí 2022, ti ìlú ti di nǹkan bí 44,000, ti káúńtì nǹkan bí 71,000, ti Amẹ́ríkà lápapọ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 75,000.

Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò yọ̀. Ṣùgbọ́n láàárín 1999 sí 2022, owó ọjà ní Amẹ́ríkà fi nǹkan bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n sí i. Ohun tí 27,123 rà ní 1999, ó tó 47,000 dọ́là àti díẹ̀ kí ó tó rà á ní 2022. Ìdílé tó wà láàárín ní Rochester ń gba owó tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nínú ìwé, ó sì ń ra ọjà tó dín díẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Bí a bá ṣe ìṣirò kan náà fún káúńtì, 44,891 ti 1999 súnmọ́ 79,000 ní 2022, wọ́n sì ń gba nǹkan bí 71,000. Àwọn tó ṣí lọ sí Greece àti Webster kò bọ́. Owó ìdílé ìlú jẹ́ nǹkan bí 60 nínú 100 ti káúńtì ní 1999, ó ṣì wà ní àyíká ibẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún. Àlàfo àárín wọn kò fẹ̀ tó bí àwọn kan ṣe rò. Gbogbo agbègbè náà ló jọ sọ̀ kalẹ̀, ìyẹn sì ni ibi tí mo gbà pé ọwọ́ Kodak ti hàn, nínú owó ju nínú iye ènìyàn lọ.

Nígbà tí wọ́n bá ní ìdá báyìí nínú ìlú jẹ́ òtòṣì, kí ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n?

Ìlà kan ni ìjọba àpapọ̀ fà. Fún ìdílé ẹni mẹ́rin tí ọmọ kékeré méjì wà nínú wọn, ìlà náà jẹ́ 29,678 dọ́là lọ́dún 2022. Àwọn ọdún 1960 ni Mollie Orshansky, òṣìṣẹ́ ìjọba kan, gbé ìṣirò yìí kalẹ̀: ó mú iye tó kéré jù tí ìdílé lè fi jẹun, ó sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Láti ìgbà náà, wọ́n kàn ń fi ọ̀wọ́ngógó kún un ni. Ìlà kan náà ni fún Rochester àti fún ìlú New York níbi tí owó ilé ti jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Nínú ìkànìyàn 2000, ìdá 25.9 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Rochester wà lábẹ́ ìlà yìí, ti káúńtì jẹ́ 11.2. Nínú àwọn ọmọ ìlú tí kò tíì pé ọdún 18, ó jẹ́ 37.5. Ní nǹkan bí 2014, ti àwọn ọmọ ti ju ìdajì lọ, ọ̀kan nínú iye tó burú jù ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn ìlú tó bá a dọ́gba. Ó ti rọ̀ díẹ̀ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lábẹ́ ìlà ṣì ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ìlú lọ. Ní 2023, ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í dán ètò kan wò tó ń fún àwọn ìdílé kan ní 500 dọ́là lóṣooṣù fún ọdún kan láìbéèrè bí wọ́n ṣe ná an.

Ṣé ilé ò wá pọ̀ ju ènìyàn lọ?

Ó pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì ń wó èyí tó ti di àkúrun. Ṣùgbọ́n iye ilé kò dínkù bí iye ènìyàn ṣe dínkù, nítorí ilé tí bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin ń gbé ní 1950 lè jẹ́ ẹnì kan tàbí méjì ló wà nínú rẹ̀ lónìí. Ní 2000, ìdílé 88,999 ló wà, kò sì pé ẹni méjì àbọ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyí ti wà ṣáájú 1950, òjé sì wà nínú ọ̀dà wọn. Òjé yìí ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Láti 2006, onílé tó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ láti fi ilé háyà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìlú yẹ ọ̀dà náà wò.

Ṣé ìlú náà ti ń padà bọ̀ sípò?

Ní àárín ìlú, bẹ́ẹ̀ ni. Láti 2014 sí 2017, wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ kún apá ìlà-oòrùn Inner Loop, wọ́n sọ ọ́ di títì tí ènìyàn lè rìn, wọ́n sì kọ́ fúláàtì sórí ilẹ̀ náà. Àwọn tó ń kó wọ ibẹ̀ sábà jẹ́ ọ̀dọ́ tó níṣẹ́ gidi, owó wọn sì máa ń gbé agbedeméjì ìlú sókè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí kọ́bọ̀ kún tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ń lọ fún àwọn tó ti wà níbẹ̀, kó wo ìwádìí ti àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kó má wo ti ìlú nìkan.

Ṣé àwọn Yorùbá wà nínú iye wọ̀nyí?

Wọ́n wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fara pamọ́. Ìwé ìkànìyàn 2020 fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá yan pé ènìyàn dúdú ni òun láti kọ orírun rẹ̀, ọmọ Nàìjíríà sì wà lára àpẹẹrẹ tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ní ti èdè tí wọ́n ń sọ nílé, ìwádìí ọdọọdún kó Yorùbá, Twi, Ìgbò àti àwọn èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà yòókù sínú àpótí kan ṣoṣo. Ní ìlú tó tóbi tó Rochester, ẹni díẹ̀ ni wọ́n ń bi ní ìbéèrè, nítorí náà iye tó bá jáde nínú àpótí yẹn máa ń gùn sókè sódò láti ọdún kan dé èkejì. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ti ọdún márùn-ún tí wọ́n pa pọ̀ ni kí ẹ mú, kí ẹ sì wo iye àṣìṣe tí Àjọ Ìkànìyàn kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.